Òjò Oṣù Kẹjọ Ni Omi Kànga Oṣù Kẹta: Ohun Tó Yẹ Kí Àwa Tí A Fi Jos Ṣe Ilé Mọ̀ Nípa Omi, Ewéko Àti Ojú Ọjọ́

 

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa máa mọ ohun tí à ń sọ. Títí ọkọ̀ fi kọjá Akwanga, ooru ṣì ń mú, fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Hawan Kibo, tí ẹ́ńjìnnì ń kérora, àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá á fa ìborùn yọ nínú báàgì, àwọn ọmọ á ká jọ. Kí ọkọ̀ tó dé Bukuru, ẹni tí kò mú súwẹ́tà dání á ti mọ ohun tó fi ṣe ara rẹ̀.

Kì í ṣe òtútù nìkan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Omi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó mú Jos tutù kò lè mọ ohun tó ń gbẹ kànga rẹ̀, torí pé okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ohun kan náà ló máa ń gba ẹnu wa: kànga ti gbẹ. Mẹ́rúwà á wá di ọba. Kẹ́ẹ̀gì omi á gbówó lórí, àwọn ọmọ á jí láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó lọ síléèwé, wọ́n á lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi.

Bàbá onílé kan wà ní àdúgbò wa. Kànga rẹ̀ ti wà láti ìgbà ayé bàbá tó bí i, wọn kò sì rántí ọdún tó gbẹ pátápátá rí. Àfi ìgbà tó di ọdún kan tó gbẹ nínú oṣù kẹta. Ọdún tó tẹ̀ lé e, inú oṣù kejì ló ti gbẹ. Aládùúgbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ bọ́hóòlù ni, bàbá bá ní òun ló ń fa omi òun lọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Aládùúgbò yìí kì í ṣe Yorùbá, àwa tí a sì ti pẹ́ ní Jos mọ̀ bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe máa ń di ńlá ní ìlú yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n yan àwa mélòó kan pé ká lọ wo ilé náà. Ohun tí a rí níbẹ̀ ló mú wa kọ èyí. A ó dé ibẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Kí ló mú Jos tutù?

Gíga ni. Jos wà lórí ilẹ̀ tó fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Àwọn òkè Shere tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ga ju mítà 1,800 lọ. Èkó ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba.

Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ló ru ẹrù gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi há mọ́ra. Èyí tó wà lókè kò ru ẹrù púpọ̀, torí náà ó fẹ̀, ó tú ká. Afẹ́fẹ́ tó bá sì tú ká máa ń tutù. Ẹ wò ó lára táyà: tí ẹni tó ń lẹ táyà bá tẹ ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ẹ fi ọwọ́ síbẹ̀, tútù ni yóò bá yín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún afẹ́fẹ́ tó ń gun òkè Plateau. Ní gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn, ooru máa ń dín ní nǹkan bíi dígírì 6 sí 7. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí a bá ṣírò ọdún pọ̀, ooru Èkó á wà ní nǹkan bíi dígírì 27, ti Jos kò sì ní ju nǹkan bíi 22 lọ.

Ohun kan náà ló ń fi ẹ̀wà dààmú àwọn ìyá wa. Lórí ilẹ̀ gíga, omi kì í dúró dìgbà tó bá gbóná dé dígírì 100 kó tó hó. Ní Jos, nǹkan bíi 96 ló ti ń hó. Ó ń hó lóòótọ́, àmọ́ kò gbóná tó èyí tó ń hó ní Èkó, ẹ̀wà á sì pẹ́ lórí iná. Ẹ má bá ìyá ẹlẹ́wà jà pé ẹ̀wà àná ló tà fún yín o.

Ní ìgbà ọyẹ́, òtútù tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ìkùukùu dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, aṣọ yìí kò sí, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á kàn fò lọ sójú sánmà ní òru ni. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé oòrùn ọ̀sán oṣù kejìlá lè mú wa bọ́ súwẹ́tà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú kí eyín máa lu ara wọn.

Níbo ni òjò wa ti ń wá?

Tí ẹ bá sá aṣọ tútù sórí okùn, tó gbẹ, níbo ni omi inú rẹ̀ lọ? Kò sọnù. Inú afẹ́fẹ́ ló lọ, ó ti di ooru omi tí ojú wa kò rí. Ohun tí oòrùn ń ṣe sí aṣọ yẹn, òun náà ló ń ṣe sí òkun, odò àti ilẹ̀ tútù lójoojúmọ́.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń bọ̀ láti orí òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó ru omi. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà oòrùn, ó gbẹ, eruku ló rù. Òun la mọ̀ sí ọyẹ́. Bí oòrùn bá ṣe ń sún síhà àríwá, afẹ́fẹ́ òkun á máa tẹ̀ lé e, á lé ọyẹ́ padà. Tí oòrùn bá tún ti yí padà sí gúúsù, ọyẹ́ á gba ilẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá dé ẹsẹ̀ òkè Plateau, òkè dí i lọ́nà. Kò rí ibòmíràn gbà ju kó gùn ún lọ. Bó ṣe ń gùn, ó ń tutù. Bó ṣe ń tutù, kò lè gbé omi tó rù mọ́. Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ wò, ẹ ó rí omi tó kán sí i lára: ooru omi ló kan ohun tó tutù, ló bá padà di omi. Òkè Plateau ni ìdérí ìkòkò wa. Ìdí nìyẹn tí òjò Jos fi máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 1,300 lọ́dún. Ká ní gbogbo òjò ọdún kan lè dúró sójú kan láì ṣàn, láì gbẹ, omi náà á mu àgbàlagbà dé àyà.

Òjò ibí kò sì rí bíi tilé. Nílé, òjò á bẹ̀rẹ̀, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà wá. Ní Jos, kò sí ìsinmi oṣù kẹjọ. Nínú oṣù kẹrin ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú yìnyín tó ń lu páànù bí ẹni ju òkúta. Oṣù keje àti ìkẹjọ ló máa ń le jù, ó sì máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tó ń retí pé kí òjò dá nínú oṣù kẹjọ kóun tó kan òrùlé, òjò á fi ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, nǹkan bí oṣù mẹ́fà la fi ń wà láìsí òjò tó ṣe é kà sí. Kí là ń mu nígbà yẹn?

Àjọ ni ilẹ̀ ń bá wa dá

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò àjọ. Ẹni tó bá dá a ló máa kó o. Omi abẹ́ ilẹ̀ Jos rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: oṣù mẹ́fà ni òjò fi ń dá a, oṣù mẹ́fà la fi ń kó o.

Àpáta líle ló wà lábẹ́ ìlú yìí. Ẹ wo àwọn òkúta ràgàjì tó jókòó lé ara wọn lórí káàkiri. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í fa omi. Àmọ́ lórí rẹ̀, láti ọdún àìmọye, oòrùn àti òjò ti jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di iyanrìn àti amọ̀. Níbì kan, ilẹ̀ rírọ̀ yìí jìn gan-an. Níbòmíràn kò ju ìga èèyàn lọ kí ṣọ́bìrì tó kan òkúta.

Tí òjò bá rọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Apá kan á ṣàn lọ sínú gọ́tà àti odò. Apá kan á padà sínú afẹ́fẹ́. Apá kẹta á rin ilẹ̀ wọlé, á máa gba àárín iyanrìn lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan òkúta. Níbẹ̀ ni yóò dúró sí, bí omi tó wà nínú bàsíà tí a kó iyanrìn kún. Ihò tí a gbẹ́ sínú bàsíà yẹn la ń pè ní kànga. Apá kẹta yìí nìkan ni àjọ wa. Méjì tó kù ti lọ.

Nítorí náà, omi tí ẹ ń fà nínú kànga ní oṣù kẹta, òjò oṣù kẹjọ tó kọjá ni. Tí kò bá wọlẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ibi tí a ti lè rí i nígbà yìí.

Bọ́hóòlù yàtọ̀ díẹ̀. Ó máa ń gba inú òkúta kọjá, ó ń wá ibi tí òkúta ti sán tí omi sì gba ojú sísán náà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi gbẹ́ bọ́hóòlù ní ilé kan, omi á tú jáde, tí wọ́n á gbẹ́ ti ilé kejì, kí wọ́n má rí nǹkan kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ibi tí òkúta sán sí ló yàtọ̀. Lóòótọ́, bọ́hóòlù tó sún mọ́ kànga pẹ́kípẹ́kí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà lọ́sàn-án lóru, lè mú kí omi kànga náà lọ sílẹ̀. Torí náà, ọ̀rọ̀ bàbá onílé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ohun tí a bá nínú ọgbà rẹ̀. Ó ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá, láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, kí ẹrẹ̀ má bàa máa wọlé. Ó ti gé igi máńgòrò méjì tó wà lẹ́bàá ògiri. Omi orí páànù, ó fi páìpù gbé e tààrà sínú gọ́tà ìta. A bi í léèrè ìgbà tó ṣe gbogbo èyí. Ó ronú díẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ọdún tí kànga kọ́kọ́ gbẹ ni. Bàbá ti ń kó àjọ látọdún yìí wá, kò dá nǹkan kan sí i mọ́.

Iṣẹ́ tí ewéko ń bá wa ṣe

Ọ̀pọ̀ wa rò pé igi kan wà fún ìbòòji ni. Ẹ dúró sábẹ́ máńgòrò nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ ó rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ewé á gba òjò náà sára, á wá jẹ́ kó kán sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Òjò tí kò bá rí ewé tó gbà á á na ilẹ̀ lẹ́gba, ilẹ̀ á le bí àwo, omi á ṣàn lọ. Iṣẹ́ kejì wà lábẹ́ ilẹ̀: gbòǹgbò àti kòkòrò tó ń gbé ìdí rẹ̀ ń lu ihò sí ilẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ kẹta ni pé koríko àti gbòǹgbò ń di ilẹ̀ mú kó má bàa bá ọ̀gbàrá lọ.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, igi náà ń mu omi. Ẹ fi ọ̀rá funfun so ẹ̀ka igi kan tó ní ewé tútù láàárọ̀, kí oòrùn máa pa á. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó bá omi nínú ọ̀rá náà. Igi ló mu ún látinú ilẹ̀, tó sì mí i síta láti ojú ewé. Igi tó ń yára dàgbà máa ń mu ju èyí tó rọra ń dàgbà lọ. Eucalyptus, tí àwọn Hausa ń pè ní turare, tí wọ́n gbìn káàkiri Plateau pàápàá lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kúzà, wúlò fún igi ìdáná àti òpó. Ṣùgbọ́n òǹgbẹ rẹ̀ pọ̀. Ẹ má gbìn ín sẹ́bàá kànga.

Ẹ tún wo ọgbà orọ́ tí àwọn Berom àti àwọn onílẹ̀ mìíràn fi yí ilé àti oko wọn ká. Àwa náà mọ orọ́ nílé, a sì mọ̀ pé oje funfun ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọmọ. Ewé ara rẹ̀ kò tó nǹkan, torí pé ojú ewé ni omi ń gbà jáde. Igi ara rẹ̀ nípọn, omi ló kó pamọ́ síbẹ̀ nígbà òjò. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo koríko bá ti gbẹ. Orọ́ náà mọ àjọ í dá.

Ojú ọjọ́ yìí kan náà ló ń sọ ohun tí a lè gbìn. Kòkó fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin. Ẹ̀ẹ̀rùn Jos gùn jù fún un, òru ọyẹ́ sì tutù jù. Ẹni tó bá ń wá kòkó kó padà sí Oǹdó. Àmọ́ pòtétò fẹ́ òru tó tutù kó tó lè ta dáadáa, ìdí nìyẹn tí Plateau fi di ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà. Acha, ọkà wínníwínní tí àwọn onílẹ̀ ti ń gbìn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, lè so lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, tí òkúta sún mọ́ òkè. Àwọn baba wọn ti ka ilẹ̀ yìí yé wọn kí wọ́n tó fi acha ṣe oúnjẹ.

Kòtò kúzà: omi tó ń bọ́ni, omi tó ń pani

Kúzà ló mú ọ̀pọ̀ baba wa dé ibí. Láti nǹkan bí ọdún 1904 ni àwọn òyìnbó ti ń wa á. Rélùwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru ní nǹkan bí ọdún 1914, rélùwéè ńlá láti ìlà oòrùn sì dé Jos ní 1927. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn bá òwò àti iṣẹ́ wá. Kúzà náà ti dín, àmọ́ àwọn kòtò rẹ̀ kò lọ. Láti Jos dé Bukuru dé Barkin Ladi, òjò ti sọ wọ́n di adágún.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú adágún wọ̀nyí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ fa omi sí tòmátì, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí à ń kó lọ sí Èkó. Ìbùkún ni. Ṣùgbọ́n etí wọn dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì mu omi rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkìlọ̀ mìíràn tún wà: iyanrìn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣa kúzà kúrò lè ní àwọn ohun alumọ́ni bíi monazite nínú, tí ìtànṣán ara wọn kò dára fún èèyàn láti máa gbé pọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń kọ́lé, kó bèèrè ibi tí wọ́n ti kó iyanrìn rẹ̀ wá.

Nígbà tí omi bá pọ̀ jù

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2012, òjò ńlá rọ̀ ní Jos. Ìsédò Lamingo, tí ìlú ń mu omi rẹ̀, kún àkúnya, omi sì ya wọ àwọn àdúgbò ìsàlẹ̀. Ó ju ọgbọ̀n èèyàn lọ tó kú, ọ̀pọ̀ ilé sì bá omi lọ. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa: omi yẹn kò bèèrè ẹ̀sìn, kò sì bèèrè ìlú tí ẹnikẹ́ni ti wá.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọ̀nà mẹ́ta tí òjò ń gbà. Omi tí kò bá wọlẹ̀, ó ń ṣàn. Bí ilé bá ti ń pọ̀ sí i, tí sìmẹ́ǹtì ń pọ̀, tí igi orí òkè ń tán, omi tó yẹ kó wọlẹ̀ á dara pọ̀ mọ́ èyí tó ń ṣàn. Tó bá wá kan gọ́tà tí ọ̀rá àti pàǹtí ti dí, ojú ọ̀nà àti inú ilé ló kù fún un. Àgbàrá oṣù keje àti kànga tó gbẹ ní oṣù kẹta, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Omi Jos kì í ṣe ti Jos nìkan

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Kaduna, Bauchi àti ibòmíràn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Orí òkè Plateau ni ọ̀pọ̀ odò ti ṣẹ̀. Odò Kaduna bẹ̀rẹ̀ nítòsí Jos, ó gba ìlú Kaduna kọjá, ó yí ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Shiroro, kó tó ṣàn wọ Odò Ọya. Odò Gongola lọ bá Bẹ́núè. Omi Delimi tó gba àárín Jos kọjá forí lé àríwá, ó bá àwọn odò mìíràn pàdé lọ́nà Adágún Chad. Pàǹtí tí a bá dà sí Delimi lónìí, ẹlòmíràn ni yóò bá a pàdé lọ́la.

Níbi tí ẹ bá wà, bí òjò ṣe pọ̀ tó lè yàtọ̀, àmọ́ òfin rẹ̀ kò yàtọ̀. Bí a ṣe ń lọ síhà Kano àti Sókótó, oṣù òjò ń dín, oṣù tí a ó fi kó àjọ ń gùn sí i.

Kí la lè ṣe?

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn nǹkan díẹ̀ rèé tí kò kọjá agbára ẹgbẹ́ tàbí onílé:

1. Ẹ gba omi òjò. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, òjò kan ṣoṣo tó tó mìlímítà 10 á fún yín ní nǹkan bíi lítà 1,000. Ogójì kẹ́ẹ̀gì ńlá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù ná.

2. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún omi. Tí ẹ bá máa da sìmẹ́ǹtì, ẹ má da gbogbo rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, kí omi páànù tó bá ṣẹ́ kù máa wọ ibẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti sí ṣáláńgá.

3. Ẹ fi àyè sáàárín kànga àti ṣáláńgá, kó tó mítà 30 ó kéré tán, kí kànga sì wà níhà òkè. Ohun tó ń gbé omi wọ kànga lè gbé àrùn wọ̀ ọ́. Ẹ fi ìdérí bò ó.

4. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí kí ẹ jìn ín sí i, oṣù kẹta àti ìkẹrin ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Kànga tí a gbẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án máa ń tan onílé jẹ.

5. Ẹ gbin igi padà bí ẹ bá gé e, kí ẹgbẹ́ sì máa kó gọ́tà àdúgbò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá onílé wa fọ́ sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó ṣe kòtò olókùúta kan, ó yí páìpù páànù sí i, ó gbin máńgòrò kan sẹ́bàá ògiri. Ọdún tó tẹ̀ lé e, kànga náà ṣì gbẹ, a kò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ oṣù kẹrin ló tó gbẹ, kì í ṣe oṣù kejì mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi ń retí òjò, aládùúgbò tó ní bọ́hóòlù na họ́ọ̀sì sí i láti orí ògiri. Òun náà ti bi wá bí wọ́n ṣe ń ṣe kòtò olókùúta.

 Kí òjò tó ń bọ̀ rọ̀ wá sí ire.